Mọ́tò Tó Ń Jí Láàárọ̀, Tó Ń Kú Lọ́sàn-án: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Rẹ̀

Mọ́tò tó kú pátápátá kì í da mẹkáníìkì láàmú tó èyí tó ń kú tó ń jí. Àìsàn èyí tó kú pátá wà lára rẹ̀ títí wọn yóò fi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èkejì yìí, ara rẹ̀ á ti yá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Á kọ̀ jálẹ̀ ní Òkè-Fìà, nínú Òṣogbo, lọ́sàn-án, wọ́n á tì í títí òógùn á fi bò wọ́n. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́ ní ọgbà mẹkáníìkì, wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á jí lẹ́ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ibẹ̀ ni "bóyá" ti ń bẹ̀rẹ̀: bóyá púlọ́ọ̀gì ni, bóyá kọ́ìlì ni, bóyá páǹpù epo ni. Bóyá kọ̀ọ̀kan ló sì lówó tirẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kò bèèrè ju nǹkan mẹ́rin lọ: kí nǹkan yí i, kí epo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí iná sì ta lẹ́nu púlọ́ọ̀gì lásìkò. Lákòókò tí ọkọ̀ kọ̀ yẹn, ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti yẹra. Iṣẹ́ ẹni tó ń wádìí ni kó mọ èyí tó yẹra kó tó padà sípò.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ṣé ẹ́ńjìnnì ń yí? Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, tàbí tí ẹ gbọ́ "kọ́" ẹ̀ẹ̀kan péré, tàbí "ta-ta-ta-ta", kò yí nìyẹn. Ẹ má tíì dárúkọ epo rárá. Bátìrì, wáyà tàbí kick starter (mọ́tò kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè jí) ni ẹ ó dojú kọ. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ọ̀tómátíìkì, ẹ gbé gíà kúrò ní P sí N kí ẹ tún gbìyànjú. Bó bá jí ní N, súwíìṣì tó wà lára gíà ló ń ṣe ségesège.

Lára ọkọ̀ tó ti pẹ́, ibi tí wáyà ti pàdé irin ló sábà máa ń bàjẹ́ ṣáájú bátìrì fúnra rẹ̀. Ẹ di tẹ́mínà, irin tó so wáyà mọ́ orí bátìrì, mú, kí ẹ fọwọ́ yí i díẹ̀. Kò yẹ kó mì rárá. Nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó ń hù yí i ká bí èbu kì í ṣe ìdọ̀tí lásán, ó ń dínà mọ́ iná. Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì onírin á kó o kúrò. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi mítà tó ń wọn iná sí i. Bátìrì tó yó, tí ọkọ̀ ti sinmi láti òru mọ́jú, máa ń ka nǹkan bíi fóòtì 12.6. Bí kick starter bá ń yí ẹ́ńjìnnì, kò yẹ kó wálẹ̀ ju 9.6 lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, alternator, ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì, kò bọ́ ọ yó. Ìdánwò kan tún wà tí ọ̀pọ̀ rewire, àwọn tó ń ṣe iná ọkọ̀, ń fò, ó sì dùn mí pé wọ́n ń fò ó. Ẹ fi ẹnu mítà kan sórí négétíìfù bátìrì, kí ẹ fi ìkejì sára irin ẹ́ńjìnnì gan-an, kí ẹlòmíì wá yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá ka ju 0.5 lọ, wáyà áàsì, èyí tó so négétíìfù bátìrì mọ́ irin ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, ti jẹrà nínú, bó tilẹ̀ ń dán lójú. Kick starter mélòó ni wọn ò ti torí wáyà bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ lásán!

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí geere ṣùgbọ́n tí kò dáhùn, tàbí tó ń kú lẹ́nu ìrìn, bó ṣe kú ni kí ẹ wò. Èyí tó kú lójijì, bí ìgbà tí ènìyàn pa iná, iná púlọ́ọ̀gì ló sábà máa ń lọ. Èyí tó kọ́kọ́ ń mí gúlegúle, tó ń fà sẹ́yìn bí ẹni tó ń kọ́sẹ̀, epo ni kò tó o. Bí gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù bá bá a lọ pọ̀, ẹ padà sídìí tẹ́mínà, fíúsì ńlá, tàbí ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́wàá tó so kọ́ pa pọ̀ lè ti fi ìwúwo wọn jẹ inú ibẹ̀. Èyí tó ń kú kìkì bí ẹ bá dúró, bíi nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọláìyá lásìkò ọdún Ọ̀ṣun, tí kò sì ṣe nǹkan kan bí ẹ bá ń sáré, ẹ wo ọ̀nà afẹ́fẹ́: èéfín ti dì mọ́ ẹnu throttle, ìyẹn ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, tàbí rọ́bà kan ti là.

Oòrùn ló ń tú àṣírí ọ̀pọ̀ nínú àìsàn wọ̀nyí. Ẹ wa ọkọ̀ láti Abẹ́rẹ́ dé Ọjà Ọba, ẹ pa á, ẹ ra ẹ̀fọ́, ẹ padà dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń yí, kò jí. Nígbà tí ẹ pa á, omi àti afẹ́fẹ́ tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára dáwọ́ dúró, ooru sì gun orí ohun gbogbo tó yí i ká. Sẹ́ńsọ̀ kránkì wà lára wọn. Òun ló ń sọ fún brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Wáyà tín-ín-rín bí irun ló wé nínú rẹ̀; bó bá ti gbó, ooru á jẹ́ kó já, bó bá tutù á tún fẹnu kanra. Ẹ wo abẹ́rẹ́ RPM, èyí tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí tó, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí kò bá kúrò lórí òdo rárá, sẹ́ńsọ̀ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fi àkísà tó rin omi tútù bò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá jí lójú ẹsẹ̀, ẹ ti mú olè. Nínú ọ̀pọ̀ Camry àti Corolla ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 tó ní dísíríbútọ̀ (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì), inú rẹ̀ ni irú sẹ́ńsọ̀ bẹ́ẹ̀ wà.

Ní ti epo, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ON kí ẹ tẹ́tí sí abẹ́ àga ẹ̀yìn. Páǹpù á kùn bí oyin fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Ọkọ̀ míì wà tí tirẹ̀ kì í kùn àfi bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, nítorí náà ẹ má yára dá a lẹ́bi. Bó bá kọ̀, kí ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹlòmíì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá abẹ́ táńkì. Bó bá jí, páǹpù ti ń re ilé. Bó bá jẹ́ pé ó ń kú lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, tó sì ń jí lẹ́yìn ìsinmi díẹ̀, ìdọ̀tí lè máa dí ẹnu páǹpù bí ọkọ̀ bá ń fa epo, kó sì jábọ́ bó bá dúró. Ẹ bu epo táńkì sínú ìgò funfun, jìnnà sí iná. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ẹ ó rí i bó ṣe yà sísàlẹ̀ gedegbe.

Bó bá jẹ́ òjò ló ń pa á, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lóru níbi tó ṣókùnkùn, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Wáyà púlọ́ọ̀gì tó ti sán á máa ta iná búlúù tínńtín.

Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ojúhò tí a ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀ nísàlẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ̀rọ náà bá gbé kóòdù P0335 jáde, ó ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ kránkì àti wáyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ kò bá rí nǹkan kan, ìyẹn kò ní kí àìsàn máà sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọkọ̀ tó ń kú lórí eré ṣeré. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, sítíárì á le, bíréèkì náà á le lẹ́yìn títẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbọn-in, kí ẹ má sì fa kọ́kọ́rọ́ yọ kó tó dúró, nítorí sítíárì lè há.

Bí wọ́n bá ní àwọn ti tún un ṣe, irú ipò tó kọ̀ sí ni kí ẹ ti dán an wò. Bó bá jẹ́ ooru ló ń pa á, ẹ wà á títí yóò fi gbóná, ẹ gbé e sínú oòrùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó gbé e kúrò nínú Òṣogbo.