Ta ni kọ́kọ́rọ́ ọgbà ìdárayá yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ó ti tó wákàtí méjì tí a ti jókòó sí ìpàdé ìlú náà kí màmá kan tó nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn. Wọ́n ti jiyàn lórí ọgbà ìdárayá tuntun náà títí ohùn fi há. Àwọn kan ní àwọn ọmọ ò níbi tí wọ́n á ti gbá bọ́ọ̀lù, ojú títì ni wọ́n ti ń ṣeré, ọkọ̀ á sì kọ lù wọ́n níjọ́ kan. Àwọn kan dá wọn lóhùn pé títì ọ̀hún gan-an ti bàjẹ́, ilé ìwòsàn ò tó, kí ni ti pápá ìṣeré? Màmá náà dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin alága, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni tèmi. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ẹ yà sínú àwòrán yẹn, ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, nítorí mo wà lára àwọn tó jókòó síwájú, mo sì mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan nínú wa tó lè dá a lóhùn.

Iṣẹ́ mi ni láti máa ṣírò iye tí ilé àti pápá ìjọba máa ná kí wọ́n tó fi okùn wọn ilẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 18 tí mo ti wà nídìí rẹ̀. Nínú gbogbo ìpàdé tí mo ti lọ, owó ìkọ́lé ni gbogbo ẹnu máa ń sọ. Mélòó ni? Níbo ló ti máa wá? Ṣé wọn ò ní kó o jẹ? Ìbéèrè gidi ni wọ́n, ó sì yẹ kí a béèrè wọn. Ṣùgbọ́n ti màmá yẹn ló jinlẹ̀ jù. Kí kọ́kọ́rọ́ kan tó lè wà lọ́wọ́ ẹnì kan, a ó san owó oṣù fún ẹni náà. Yóò ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, yóò fọ ilẹ̀, yóò ra ọṣẹ, yóò ké sí ẹni tó máa tún ẹ̀rọ omi ṣe bó bá ń jò. Yóò ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí àti lọ́la, títí àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ báyìí á fi bí ọmọ tiwọn. Owó yẹn ni mi ò kì í rí nínú ìwé tí wọ́n ń gbé wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀. Ní 1990, National Research Council, àjọ àwọn onímọ̀ tó ń gba ìjọba ilẹ̀ Amẹ́ríkà nímọ̀ràn, dámọ̀ràn pé kí ìjọba máa ya owó sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìtọ́jú àti àtúnṣe ilé kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ 2 sí 4 nínú 100 iye tí ilé náà máa ná bí wọ́n bá tún un kọ́. Àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ṣì ń lò ó títí dòní. Bí iṣẹ́ bá ná 100, tí a sì mú 3 lọ́dọọdún, láàárín ọdún 30, àtúnṣe nìkan ti di 90. Èyí kò kan owó oṣù ẹ̀ṣọ́, owó iná tàbí owó omi. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ iye tí ọgbà ìdárayá máa ná fún yín, tí kò sì sọ iye tó máa ná lọ́dọọdún, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ.

Ohun kan tún wà tó máa ń dùn mí jù. Bí owó kò bá tó, ohun tí ojú kò rí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ. Pápá bọ́ọ̀lù tó pé ìwọ̀n jẹ́ mítà 105 ní gígùn, mítà 68 ní ìbú. Bí òjò mìlímítà 25 bá rọ̀ sórí rẹ̀, èyí tí òjò kan ṣoṣo lè rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, omi tó dà sórí pápá yẹn jẹ́ lítà 178,500. Níbo ló máa gbà? Pápá tí wọ́n ṣe dáadáa máa ń ga díẹ̀ láàárín, ó á wá dà sí ẹ̀gbẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n á gbẹ́ ojú ọ̀nà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á tẹ́ páìpù tí wọ́n dá ihò wẹ́wẹ́ sí lára sínú rẹ̀, wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, wọ́n á da yanrìn lé òkúta, ilẹ̀ ọlọ́ràá ni yóò wá gbẹ̀yìn, orí ẹ̀ ni koríko ti máa hù. Omi á sẹ́ gba inú gbogbo wọn kọjá, á bá páìpù lọ sínú gọ́tà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí pápá náà, kò sẹ́ni tó máa rí páìpù kankan. Àtẹ̀gùn ìjókòó ni wọ́n máa rí, àti ẹnubodè, àti iná ńlá.

Mo ti dé pápá kan tí wọ́n yọ páìpù rẹ̀ kúrò láti fi owó rẹ̀ ṣe òrùlé ìjókòó àwọn èèyàn pàtàkì. Ọjọ́ kejì òjò ni mo lọ. Koríko náà tutù yọ̀yọ̀ lójú, ó dára láti òkèèrè. Mo fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, omi rú yí bàtà mi ká. Ẹnu ilé gọ́ọ̀lù ti di ẹrẹ̀, ẹnì kan ti fi pákó méjì dábùú rẹ̀ kí asọ́lé lè ríbi dúró. Àwọn ọmọ tó wá ti padà sójú títì. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ṣí i. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, inú mi bàjẹ́ gan-an, nítorí owó páìpù yẹn ò tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá owó òrùlé.

Àwọn kan máa ní kí a kúkú tẹ́ koríko àtọwọ́dá. Òótọ́ ni pé ó gba eré ju koríko gidi lọ. Koríko gidi máa ń fẹ́ sinmi, bí wọ́n bá ti ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ lálẹ́, á pá lórí. Ṣùgbọ́n koríko àtọwọ́dá kì í ṣe ohun tí a ń tẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí ọ̀rọ̀ á sì parí. Láàárín ọdún 8 sí 12 ó ti gbó, a ó ká a, a ó ra òmíràn. Nínú oòrùn ó lè gbóná kọjá 60°C, ẹsẹ̀ ọmọdé ò lè gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń dà sáàárín rẹ̀ máa ń bá omi lọ sínú odò. Ní 2023 ni ilẹ̀ Yúróòpù ṣòfin tó máa fòpin sí títà rẹ̀ láti 2031. Ẹni tó bá ní kí a tẹ́ ẹ, kó sọ ibi tí owó ẹlẹ́ẹ̀kejì ti máa wá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ gbèsè ti wọlé. Yíyá owó kọ́ ọgbà ìdárayá kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́. Ọmọ tí a ò tíì bí máa lò ó, kò burú bí òun náà bá san díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí èlé ṣe ń rìn. Bí ìlú bá yá 100 ní èlé 5 nínú 100, tí wọ́n sì ń san iye kan náà lọ́dọọdún fún ọdún 20, 8 àti díẹ̀ ni wọ́n máa san lọ́dún kan, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 160. Bí wọ́n bá fà á dé ọdún 30, owó ọdọọdún á wálẹ̀ sí 6 àbọ̀, àwọn èèyàn á sì pàtẹ́wọ́ pé ó rọrùn. Àpapọ̀ rẹ̀ ti di 195. Bí èlé bá jẹ́ 10 nínú 100, 20 ọdún yẹn nìkan á gba 235. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje ni. Ìlú náà bẹ́ẹ̀: ọjọ́ tí ilé ìwòsàn bá fẹ́ wó, ta ló máa yá wọn lówó?

Òfin kan wà tí mi ò kì í gbójú fò: gbèsè kò gbọdọ̀ pẹ́ láyé ju ohun tí a fi rà lọ. Ilẹ̀ kì í gbó. Páìpù abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ dáadáa lè pé ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ yáwó fún ìyẹn bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi gbèsè ọdún 20 ra koríko àtọwọ́dá tó máa gbó lọ́dún 10, ẹ ó máa san owó èyí tó ti ya, ẹ ó sì tún máa wá owó èyí tí ẹ fẹ́ tẹ́. Owó irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ dá àpótí sílẹ̀ fún un láti ọjọ́ tí ẹ bá ti ṣí pápá, kí ẹ máa sọ díẹ̀díẹ̀ sínú rẹ̀ bí ẹni ń dá àjọ.

Montreal ní Kánádà gba àlejò ìdíje Òlíḿpíìkì ní 1976. 2006 ni wọ́n tó san gbèsè pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n kọ́ fún un tán, owó orí tí wọ́n fi lé sìgá lórí sì wà lára ohun tí wọ́n fi san án. Ọgbà ìdárayá àdúgbò kéré sí ìyẹn lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni àṣìṣe ń gbà: wọ́n bẹ̀rẹ̀ láìmọ iye, owó ń gorí owó, kò sì sẹ́ni tó lè dá iṣẹ́ dúró nítorí ó ti dé ìdajì. Àwọn ará Colorado, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ní tiwọn dìbò ní 1972 pé àwọn ò ní náwó sí ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ti 1976, ni wọ́n bá gbé ìdíje náà lọ sí Innsbruck ní Austria. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọn ò fẹ́ràn eré ìdárayá níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yẹn pa yín lẹ́nu mọ́ ní ìpàdé.

Nípa àwọn orísun owó yòókù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Owó ìwọlé ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lówó ló kọ́kọ́ máa lé padà, òun sì ni a torí ẹ̀ kọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri lè mú owó wá. Ẹ wo ọdún tí àdéhùn náà máa parí. Àwọn tí ilé wọn wà nítòsí lè jèrè: Frederick Law Olmsted, tó wà lára àwọn tó ya àwòrán Central Park ní New York, kó iye àwọn ilẹ̀ tó yí ọgbà náà ká jọ láti fi hàn pé owó orí tó ń tibẹ̀ wọlé ń ru ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi àti ìbòji ló pọ̀ nínú Central Park. Ọgbà tí fèrè àti iná ńlá wà títí di alẹ́, ẹni tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí i lè pàdánù oorun. Ẹ jẹ́ kí irú wọn sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, kí a má sì pè wọ́n ní ọ̀tá ọmọdé.

Ó ku àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé rárá. Ní Vienna, orílẹ̀-èdè Austria, ìjọba ìlú náà ṣàkíyèsí ní àárín àwọn ọdún 1990 pé bí àwọn ọmọbìnrin bá ti kọjá ọmọ ọdún 9, wọn ò wá sí ọgbà ìṣeré mọ́, àwọn ọmọkùnrin ló kún ibẹ̀. Ní 1999 wọ́n tún ọgbà méjì ṣe: wọ́n la ojú ọ̀nà sí i láti jẹ́ kó rọrùn láti wọlé, wọ́n pín gbalasa ńlá sí kéékèèké, wọ́n fi ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá (volleyball) àti badminton kún un. Àwọn ọmọbìnrin padà wá.  Bí gbogbo owó ìlú bá lọ sórí pápá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí ọmọkùnrin 22 ń lò lẹ́ẹ̀kan náà, ìdajì àwọn tó san owó orí ò ní dé ibẹ̀.

Èmi fẹ́ kí wọ́n kọ́ ọgbà wọ̀nyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọdé máa fi ara ṣiṣẹ́ tó ìṣẹ́jú 60 lójoojúmọ́, kí àgbàlagbà fi 150 ó kéré tán ṣe é lọ́sẹ̀. Ọmọ tí kò níbi tí á ti sáré kò lè ṣe é. Nítorí mo fẹ́ ẹ ni mo ṣe ń bá àwọn tó fẹ́ ẹ jà lórí ìwé ìṣirò.

Ní ìpàdé kejì, alága gbé ìwé tuntun wá. Wọ́n ti yọ òrùlé ìjókòó kúrò, àtẹ̀gùn koríko ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Páìpù wà níbẹ̀. Ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ìlà kan wà tí mi ò tíì rí rí nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀: olùtọ́jú méjì, owó oṣù wọn, ọṣẹ, omi, iná, owó tí a ó máa sọ sínú àpótí àtúnṣe lọ́dọọdún. Alága wo ẹ̀yìn, ó wá màmá náà lójú. Ó ní, "Mà, ẹ wò ó, kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì."

Màmá gba ìwé náà, ó gbé e jìnnà sójú díẹ̀ kó lè kà á. Ó béèrè pé ọjọ́ Àìkú ńkọ́, ìgbà tí àwọn ọmọ máa pọ̀ jù níbẹ̀, ṣé àwọn méjèèjì ò ní sinmi ni? Akọ̀wé mú bírò, ó kọ ẹnì kẹta sí i.