Báwo ni odindi ìlú ṣe gbé orí Òkè Ìdànrè?

Àwọn tó bá ti gun Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kì í sọ̀ kalẹ̀ láìní ìbéèrè lẹ́nu. Díẹ̀ rè é lára èyí tí wọ́n máa ń bi mí.

Ṣé lóòótọ́ ni èèyàn gbé orí àpáta yẹn? Kí ni wọ́n ń jẹ?

Òótọ́ ni, wọ́n sì lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún níbẹ̀. Bí ẹ bá dúró nísàlẹ̀, àpáta nìkan lẹ máa rí, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń rú yín lójú. Ẹ gòkè tán, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ títẹ́jú wà láàárín àwọn òkè, wọ́n yí i ká bí ìgbà tí wọ́n mọ odi yí ilé ká. Ibẹ̀ ni ìlú àtijọ́ wà. Ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀ àti òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ àti ilé ìwé náà ò jìnnà síra. Oko tó pọ̀ jù wà nísàlẹ̀ nínú igbó. Ẹ wá ro ìyá kan tó ru iṣu láti oko, tó tún máa gun gbogbo òkè yẹn kó tó dáná alẹ́!

Kí ló gbé wọn débẹ̀, kí ló sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀?

Ààbò ló gbé wọn débẹ̀. Láyé ogun, ẹni tó wà lókè ti rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i. Ohun kan náà ló sọ Ẹ̀gbá di ará abẹ́ Olúmọ ní 1830. Nígbà tí ogun rọlẹ̀, tí kòkó wá di owó, tí ọ̀nà mọ́tò sì dé, gígun òkè lójoojúmọ́ di ìyà. Wọ́n ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di nǹkan bí 1933. Àmọ́ wọn ò kọ ilé sílẹ̀: ọdún Orósùn àti ọdún Ìdén ṣì ń gbé wọn padà sókè.

Àtẹ̀gùn mélòó ló wà níbẹ̀ gan-an?

Ó lé ní 600. Ẹnì kan á ní 660, ẹlòmíràn 667, òmíràn 682. Èmi náà gbìyànjú láti kà á, mi ò tíì dé ilé ìsinmi kejì lójú ọ̀nà tí mo fi ṣì í kà.

Ẹsẹ̀ Agboògùn ńkọ́? Ṣé gbogbo ẹsẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́?

Ihò tó dà bí àtẹ̀lẹsẹ̀ ni, lára àpáta. Ìtàn ní akọni tó ń jẹ́ Agboògùn ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, pé ẹsẹ̀ ọmọdé àti àgbà ló bá a mu, àfi ti àjẹ́. Mo bọ́ bàtà, mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Òkúta náà tutù, etí rẹ̀ ti ń dán. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ki tiẹ̀ náà bọ̀ ọ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo mọ̀ nípa àpáta ni pé oòrùn àti òjò máa ń bó o ní ìpele ìpele, bí ẹni ń bó àlùbọ́sà, omi á sì máa gbẹ́ ibi tó bá ti rọ̀. Ìyẹn lè sọ bí ihò ṣe ń wà. Kò sọ ìdí tí àwọn bàbá wa fi rí akọni níbẹ̀. Ìyẹn ti ìtàn ni, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ méjèèjì.

Ṣé UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, ti gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ibi àjogúnbá àgbáyé?

Rárá. Láti 2007 ni orúkọ rẹ̀ ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí wọ́n gbà. Sukur ní Ìpínlẹ̀ Adamawa (1999) àti Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo (2005) ni wọ́n ti gbà. Ó dùn mí, nítorí ogiri amọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni lábẹ́ òjò.

Ìgbà wo ni kí n lọ?

Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní àárọ̀ kùtù. Òjò máa ń sọ òkúta di yíyọ̀. Láti Àkúrẹ́, kò ju nǹkan bí kìlómítà 24 lọ. Ẹ mú omi dání, ẹ gba amọ̀nà. Tí ẹ bá dé ojúbọ, ẹ bi amọ̀nà yín kí ẹ tó ya fọ́tò.