Ṣé Inú Ẹ̀jẹ̀ Aláwọ̀ Dúdú Ni Àrùn Ọpọlọ Ti Ń Wá?

Bí ìròyìn bá délé pé orí ọmọ ẹnì kan dàrú ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ wádìí ni ẹni tó ya wèrè rí nínú ìran rẹ̀. Ìgbàgbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló fà á ti wọ ìwé àwọn onímọ̀ pàápàá: ní ọdún 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé dókítà òyìnbó kan, J. C. Carothers, jáde, èyí tó sọ pé ọmọ Áfíríkà kì í fi bẹ́ẹ̀ lo apá iwájú ọpọlọ rẹ̀.

Abẹ́òkúta ni èsì ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, tí ó ń tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Àrò, àti àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà rin àwọn abúlé Yorùbá kiri, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé ìrísí àrùn náà láàárín wa jọ ti Kánádà, àti pé abúlé tí àjọṣe àwọn ará ibẹ̀ ti túká ni ó ti pọ̀ jù.

Ẹ wá wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, Nottingham àti Bristol, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006, fi hàn pé àrùn schizophrenia, èyí tó lè mú kí aláìsàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tó ìlọ́po 9 ti òyìnbó láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìran wọn ti Karibíánì wá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 6 láàárín àwọn tó ti Áfíríkà wá. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ni, à bá rí i bẹ́ẹ̀ ní Jàmáíkà àti Trinidad, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí débẹ̀, wọn kò bá irú iye yẹn. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìwádìí ọdún 2001 ti fi hàn pé bí àwọn tí kì í ṣe òyìnbó bá ṣe kéré sí ládùúgbò kan, bẹ́ẹ̀ ni àrùn náà ṣe ń pọ̀ sí i láàárín wọn. Ẹ̀jẹ̀ kì í sì í mọ ẹni tó ń gbé ilé kejì.

Ẹni tí ẹ̀ṣọ́ ilé ìtajà ń tẹ̀ lé kiri, tí ọlọ́pàá ń dá dúró láti tú àpò rẹ̀ wò, ara rẹ̀ kì í sinmi. Àyà rẹ̀ a máa já, oorun rẹ̀ kì í jinlẹ̀; bí èyí bá di ọdún gbọọrọ, ó lè bí ìrẹ̀wẹ̀sì, àìfọkànbalẹ̀ àti ìfura tó kọjá ààlà, bẹ́ẹ̀ a kò sì lè sọ pé irọ́ pátápátá ló ń pa bó bá ní wọ́n ń ṣọ́ òun.

Lóòótọ́, àrùn ọpọlọ lè rìn nínú ìdílé, ti dúdú àti ti funfun, dókítà tí kò mọ àṣà aláìsàn sì lè pe ìbínú rẹ̀ ní wèrè. Ṣùgbọ́n ní Ẹ́ńgílándì, ìwọ̀n àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń fi òfin dá dúró tipátipá sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ju ìlọ́po 3 ti òyìnbó lọ. Nígbà tí ẹbí bá ń wádìí ìran ìyá ọmọ náà nílé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọlọ́pàá ló wọ́ ọ dé iwájú dókítà.