Kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ojú ọ̀run: eré sísá kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Àgbádárìgì lè ní processor (ọpọlọ tó ń ṣe ìṣirò) tó ń sáré ju ti kọ̀ǹpútà ńlá Frontier lọ. Kì í ṣe àwàdà. Ní 2022, Frontier tó wà ní Oak Ridge ní Amẹ́ríkà di kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ lórí TOP500, àtẹ àwọn kọ̀ǹpútà tó lágbára jù lọ láyé, tó ń ṣe ìṣirò tó ju bílíọ̀nù kan lọ́nà bílíọ̀nù kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Síbẹ̀, 2 GHz ni processor rẹ̀, ìyẹn ìgbésẹ̀ bílíọ̀nù méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láptọ́ọ̀pù mìíràn ń ré kọjá 4. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni Frontier fi ju láptọ́ọ̀pù lọ: ẹ̀rọ tó lé ní 9,000 ni wáyà so pọ̀ níbẹ̀.

Bí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ bá fẹ́ mọ bí àgbájọ ìràwọ̀ ṣe dá sílẹ̀, wọ́n á gé ojú ọ̀run sí àpótí-àpótí, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á gba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n gáàsì ò mọ ààlà. Ó ń ṣàn bọ́ sí àpótí kejì, òòfà àwọn ìràwọ̀ tó wà lọ́hùn-ún náà sì ń fà á. Nítorí náà, kí ẹ̀rọ kan tó gbé ìṣísẹ̀ tó kàn, ó gbọ́dọ̀ bi àwọn aládùúgbò rẹ̀ pé kí ló wà létí ọ̀dọ̀ wọn báyìí.

Ẹ wo àwọn apẹja Ègùn tó ń fa àwọ̀n létí òkun. Okùn méjì ni, èrò lọ́tùn-ún, èrò lósì. Bó ti wù kí ẹnì kan lágbára tó, kò lè dá fa tirẹ̀ lọ. Bí apá kan bá ṣáájú, àwọ̀n á wọ́, ẹja á gba ẹ̀gbẹ́ sá. Orin ni wọ́n fi ń fà á pọ̀, ẹni tó ti rẹ̀ jù ló sì ń pinnu bí orin á ṣe yá tó. Bákan náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ á ṣe parí tiwọn, tí wọ́n á jókòó ti ẹyọ kan tí ìràwọ̀ kún àpótí rẹ̀ fọ́fọ́. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i dára: ibi tí ìràwọ̀ bá há sí, wọ́n á gé àpótí ibẹ̀ kéékèèké; ibi tó bá ṣófo, wọ́n á gé e gbàràgàdà.

Ìdánwò tí TOP500 fi ń to ipò kún fún ìṣirò, kò fi bẹ́ẹ̀ kó dátà kiri. Ìdánwò mìíràn wà, HPCG, tó sún mọ́ irú iṣẹ́ yìí dáadáa. Níbẹ̀, nǹkan bí 1 nínú 100 iye gọbọi yẹn ni Frontier rí mú. Iye àkọ́kọ́ náà ni wọ́n ṣì fi ń ṣe fáàrí.