Fláàṣì yín ò bàjẹ́ o, ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kó tàn

Ọ̀kun o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbọ́ lẹ́nu àwa tí à ń ya fọ́tò ní Kabba àti àyíká ẹ̀, láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ títí di òde tí mo lọ ní Sátidé tó kọjá, pé fláàṣì tó bá tàn lẹ́ẹ̀mejì lórí fọ́tò ẹyọ kan ti ń kú lọ nìyẹn, pé wáyà ń kan ara wọn nínú ẹ̀ tàbí pé bátìrì ló ń ṣe é. Èmi náà gbà á gbọ́ nígbà yẹn o. Mo gbé fláàṣì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ bá ẹnì kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Lọ́kọ́ja, ó gbowó lọ́wọ́ mi, ó tú u, ó dè é padà, ó ní òun ti pààrọ̀ nǹkan kan nínú ẹ̀, mo délé mo tẹ kámẹ́rà, fláàṣì ṣì ń tàn lẹ́ẹ̀mejì. Owó ti lọ. Bẹ́ẹ̀ fláàṣì yẹn ò ní àrùn kankan látilẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Tí ẹ bá gbé fláàṣì lé orí kámẹ́rà tí ẹ sì fi sí TTL, ìyẹn èyí tí kámẹ́rà fúnra ẹ̀ ti ń pinnu iye tí fláàṣì máa tàn, kámẹ́rà ò mọ iye ìmọ́lẹ̀ tí ẹni tó dúró níwájú yín máa nílò. Ó lè wọn oòrùn tó ń gba fèrèsé wọlé, ó lè wọn iná gílóòbù, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ fláàṣì ò tíì sí nílẹ̀, kí ló fẹ́ wọ̀n? Torí náà bí ẹ ṣe tẹ bọ́tìnnì báyìí, kámẹ́rà á ní kí fláàṣì kọ́kọ́ ṣẹ́ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan tó jẹ́ pé kámẹ́rà mọ ìwọ̀n ẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní preflash. Á lọ kan èèyàn lára, á ta padà gba inú lẹ́ǹsì, mítà á wo èyí tó padà wá bóyá ó pọ̀ ni àbí ó kéré, á ṣírò ẹ̀, á wá sọ iye tí fláàṣì máa tàn gan-an, lẹ́yìn ìyẹn ni shutter, ìlẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, á ṣí tí ìmọ́lẹ̀ gidi á jáde. Ṣé ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ọ wò kí wọ́n tó mọ iyọ̀ tí wọ́n máa fi kún un? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Àmọ́ ó yára débi pé ọ̀pọ̀ ìgbà ojú wa á kà á sí ẹyọ kan, àwọn tí ojú wọn mú nìkan ló ń rí i pé ó jẹ́ méjì, àwọn náà ló sì máa ń pariwo pé fláàṣì ti bàjẹ́.

Tí ẹ bá ń jiyàn, ẹ wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ fi shutter sí ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ẹ wá fi fláàṣì sí rear curtain, ìyẹn èyí tó máa ń dúró di ìgbà tí shutter bá fẹ́ pa dé kó tó tàn. Ẹ máa rí ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí èkejì ní ìparí, tí àlàfo wà láàárín wọn gedegbe.

Àwọn ọ̀gá àtijọ́ á ní nígbà tiwọn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń tàn. Wọn ò parọ́. Ní 1975 ni Olympus gbé OM-2 jáde, nínú kámẹ́rà yẹn ẹ̀rọ kan wà nísàlẹ̀ tó ń wo ojú fíìmù bí fọ́tò ṣe ń wọlé lọ́wọ́, tí ìmọ́lẹ̀ bá ti tó, á pa fláàṣì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò nílò kó kọ́kọ́ tọ́ nǹkan kan wò. Ibẹ̀ ni èrò pé ẹ̀ẹ̀kan ló yẹ kó tàn ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú sẹ́nsọ̀ tó rọ́pò fíìmù nínú kámẹ́rà dígítà ń dán, kì í ta ìmọ́lẹ̀ padà bíi ti fíìmù, ọgbọ́n yẹn ò bá a mu mọ́. Canon ti ń lo preflash nínú E-TTL, ìyẹn TTL tiwọn, láti 1995, orí kámẹ́rà fíìmù ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Nikon náà gbé i-TTL tiwọn jáde ní 2003.

Ká ní ariwo lásán ni mi ò bá má dá sí i, àmọ́ àìmọ̀ yìí ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìsánlú ra iná sítúdíò tó ní ojú tó ń wo fláàṣì, tí fláàṣì bá tàn òun náà á tàn. Ó fi fláàṣì orí kámẹ́rà sí TTL, ó ń yà, gbogbo wa rí i tí iná sítúdíò ń tàn gbòò, a wo fọ́tò, kò sí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ nínú ẹ̀ rárá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ dá a padà fún ẹni tó tà á. Preflash ló ta á jí! Ó ti tú gbogbo agbára ẹ̀ dà kí shutter tó ṣí, nígbà tí fọ́tò gidi ń wọlé, ó ṣì ń gba iná sára. Kó fi fláàṣì sí manual ni, ìyẹn èyí tí ẹ máa fọwọ́ ara yín yan iye tó máa tàn, torí nínú manual kò sí preflash. Tó bá jẹ́ fláàṣì kékeré bíi Yongnuo YN560 tàbí Godox TT600 lẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, S2 ni kí ẹ fi sí. S1 ń dá ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ lóhùn, S2 á fojú fo ìyẹn, á dúró de èkejì.

Ti aṣọ funfun ló wá pọ̀ jù lọ níhìn-ín. Ẹ lọ ya ìkórè ìjọ aláṣọ funfun, bí ogójì èèyàn nínú sútánà, fọ́tò á jáde, aṣọ á dà bí ẹni pé wọ́n fi eérú fọ̀ ọ́, ojú àwọn èèyàn ò ní hàn, àwọn kan á ní fláàṣì ò lágbára. Ó lágbára o. Sútánà ta preflash padà tó bẹ́ẹ̀ tí mítà fi rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó bá dín in kù, torí bí nǹkan aláwọ̀ eérú ló ṣe ń wo gbogbo ohun tó wà níwájú ẹ̀. Ẹ fi kún agbára fláàṣì látorí kámẹ́rà, +1 ni mo sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ wo ojú wọn. Tó bá jẹ́ agbádá dúdú ló gba gbogbo fọ́tò, ẹ dín in. Dígí tàbí férémù tó ń dán lẹ́yìn wọn náà ń tan mítà jẹ, ẹ yí ẹsẹ̀ dà díẹ̀.

Àwọn kan tún ní preflash ló ń jẹ bátìrì. Èyí tó ń jẹ ò tó nǹkan, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Àwọn kan sì ń pè é ní red-eye, ìyẹn tún yàtọ̀, òun ni iná tó máa ń ṣẹ́jú gbà-gbà-gbà kí ẹyinjú lè sún kì kó má pọ́n nínú fọ́tò.

Mámà kan wà ní Mọ̀pà, ó tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ya ìdílé wọn, gbogbo fọ́tò tí mo bá fi fláàṣì yà wọ́n, ojú wọn á dì. Àwọn ọmọ wọn ní wọn ò fẹ́ràn fọ́tò, ẹnì kan tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ayé nínú. Ojú mámà yára ni, preflash kàn án, ó ṣẹ́jú, ó bọ́ sí àkókò tí ìmọ́lẹ̀ gidi jáde. Lọ́jọ́ ọjọ́ìbí wọn mo lo FE lock, bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà ṣírò ìmọ́lẹ̀ fláàṣì sílẹ̀ ṣáájú fọ́tò, ìyẹn tí Nikon ń pè ní FV lock, mo tẹ bọ́tìnnì yẹn, preflash jáde lọ́tọ̀, mámà ṣẹ́jú tiwọn tán, mo ní "Mámà, ẹ wo ọwọ́ mi níbí", mo wá tẹ̀ ẹ́. Ojú là rekete. Wọ́n gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé mo ti ra kámẹ́rà tuntun.