Ta Ló Ń Pàṣẹ Ogun ní Nàìjíríà?

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, àwọn ṣọ́jà kan bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba ní Kútọnu, wọ́n ní àwọn ti gbàjọba lọ́wọ́ Patrice Talon tó jẹ́ Ààrẹ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, bàálù ogun Nàìjíríà ti wà lójú òfuurufú Bẹ̀nẹ̀, ọmọ ogun orí ilẹ̀ náà sì tẹ̀ lé wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 9, ni Godswill Akpabio tó jẹ́ olórí Ilé Aṣòfin Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ka lẹ́tà Ààrẹ Tinubu sí etígbọ̀ọ́ àwọn sẹ́nétọ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá wò ó lérèfé á ní Ààrẹ ti jà tán kó tó wá tọrọ àyè. Òfin gbà á láyè bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò ṣí àyè yẹn sílẹ̀ gbayawu.

Abala 5 ìwé òfin ọdún 1999 ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹsẹ 4 pín in sí méjì: ọ̀tọ̀ ni kí Nàìjíríà kéde pé òun àti orílẹ̀-èdè mìíràn ń jagun, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n rán ọmọ ogun lọ jà lẹ́yìn odi. Àwọn tó ń fọwọ́ sí ìkíní kọ́ ló ń fọwọ́ sí èkejì.

Kí Ààrẹ tó lè kéde ogun, ilé aṣòfin méjèèjì gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀ lójú kan náà, kí wọ́n sì ṣe ìpinnu pé àwọn fara mọ́ ọn. Sẹ́nétọ̀ jẹ́ 109, aṣojú-ṣòfin jẹ́ 360, gbogbo wọn lápapọ̀ wá jẹ́ 469. Olórí Ilé Aṣòfin Àgbà ló ń darí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin ni. Ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo wọn, ìyẹn 157 ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà níjòkòó. Ìwé òfin kò béèrè pé kí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbà. Ibẹ̀ ló ti yani lẹ́nu, torí pé bí Ààrẹ bá kéde pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, abala 305 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó lè dúró: sẹ́nétọ̀ 73 àti aṣojú-ṣòfin 240. Ká fi ti ìwé òfin nìkan wò ó, iye ọwọ́ tó ń gbé ogun dìde sí orílẹ̀-èdè mìíràn kò tó iye tó ń fìdí pàjáwìrì múlẹ̀ ní Rivers. Nígbà tí ti Rivers gan-an sì dé ní oṣù Kẹta ọdún 2025, igbe “bẹ́ẹ̀ ni” àti “bẹ́ẹ̀ kọ́” ni wọ́n fi dìbò nínú ilé méjèèjì, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀ bóyá iye tí òfin béèrè pé tàbí kò pé.

Kò sí Ààrẹ tó tíì gba ọ̀nà ìkéde ogun yìí láti ọdún 1999. Kódà ogun tó gbóná jù tí Nàìjíríà jà, ogun Biafra tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1967, iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ìjọba Gowon kọ́kọ́ pè é. Ológun ló ń ṣèjọba nígbà náà, kò sí ilé aṣòfin tí wọn ì bá gbé e lọ. Nàìjíríà nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1942 ni ìgbà ìkẹyìn tí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà kéde ogun, àmọ́ gbogbo wa la mọ Kòríà, Vietnam àti Ìráàkì. Ohun tó fà á kò ṣòro ó mọ̀: òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 1945 kò gba orílẹ̀-èdè láyè láti gbógun ti òmíràn àfi láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ tàbí bí Ìgbìmọ̀ Ààbò àjọ náà bá pàṣẹ, nítorí náà kò sí ìjọba tó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pe ohun tó ń ṣe ní ogun.

Ọ̀nà kejì ni wọ́n ń tọ̀. Ẹsẹ 4 kan náà ní ọmọ ogun Nàìjíríà kankan kò gbọ́dọ̀ lọ jà lẹ́yìn odi àfi tí Ilé Aṣòfin Àgbà bá ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ilé Aṣojú-ṣòfin kò sí nínú èyí rárá. Nígbà tí sẹ́nétọ̀ jẹ́ 109, ìdá kan nínú mẹ́ta wọn jẹ́ 37, bí 37 bá sì wà níjòkòó tí gbogbo wọn dìbò, sẹ́nétọ̀ 19 péré ti tó láti rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sójú ìjà.

Bí ó ṣe ń lọ nìyí. Ààrẹ á kọ lẹ́tà sí olórí ilé, lẹ́tà náà á dárúkọ abala òfin tó dúró lé, ibi tí ọmọ ogun ń lọ àti ìdí tí wọ́n fi ń lọ. Olórí ilé á kà á ní gbangba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ti ilẹ̀kùn, nítorí ọ̀rọ̀ ogun ní ohun tí etí ọ̀tá kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á ṣílẹ̀kùn padà, olórí á bi wọ́n bóyá wọ́n gbà tàbí wọn kò gbà, á lu òòlù mọ́lẹ̀, wọ́n á sì kọ èsì ránṣẹ́ sí Ààrẹ.

Èsì náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Nìjẹ̀r ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ṣèpàdé ní Àbújá ní ọjọ́ 30, wọ́n fún àwọn ológun náà ní ọ̀sẹ̀ kan láti dá ìjọba padà, wọ́n sì ní lílo agbára ológun wà lára ohun táwọn lè ṣe. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ni wọ́n ka lẹ́tà Tinubu. Lọ́jọ́ kejì àwọn sẹ́nétọ̀ tilẹ̀kùn mọ́rí, ìgbà tí wọ́n sì jáde, wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ìdìtẹ̀gbàjọba náà, àmọ́ wọ́n ní kí Ààrẹ àti ECOWAS padà sídìí ọ̀rọ̀ sísọ. Wọn kò fọwọ́ sí ogun. Ìpínlẹ̀ méje ní àríwá ló bá Nìjẹ̀r pààlà, láti Kebbi títí dé Borno. Àwọn ẹbí kan náà ló wà ní ìhà méjèèjì, àwọn sẹ́nétọ̀ ibẹ̀ kò sì fi pamọ́ pé àwọn kò fẹ́ ìjà yẹn. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí. Ìparí oṣù Keje ni ilé náà sábà máa ń lọ sí ìsinmi ọlọ́dọọdún. Àyẹ̀wò àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe mínísítà ló dá wọn dúró ní Àbújá lọ́dún náà.

Àwọn kan máa ń rò pé bí ECOWAS bá ti sọ̀rọ̀, ó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 12 ní àdéhùn tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kò lè di òfin nílé àfi tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Ìpinnu àwọn olórí ìjọba ní ìpàdé ECOWAS kò lè rọ́pò ìbò àwọn sẹ́nétọ̀.

Ẹsẹ 5 ni ti Bẹ̀nẹ̀ fara jọ jù. Òun ló gba Ààrẹ láyè láti rán ọmọ ogun lọ ná, kó tó béèrè, bí ó bá dá a lójú pé ewu ti dé tòsí ààbò orílẹ̀-èdè. Ìjà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó níwọ̀n. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ Ìgbìmọ̀ Ààbò Ilẹ̀, kó sì wá ìfọwọ́sí Ilé Aṣòfin Àgbà láàárín ọjọ́ 7 tí ìjà bá ti wáyé. Ilé ní ọjọ́ 14 láti gbà tàbí láti kọ̀.

Ibi tí omi ti ń jò pọ̀. Àkọ́kọ́, ta ni ìgbìmọ̀ yẹn? Ààrẹ, igbákejì rẹ̀, mínísítà ètò ààbò, ọ̀gá àgbà gbogbo ọmọ ogun, ọ̀gá ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfuurufú, pẹ̀lú ẹni tí Ààrẹ bá tún fẹ́ fi kún wọn. Yàtọ̀ sí igbákejì tí wọ́n jọ wọlé ìbò, gbogbo wọn ni Ààrẹ fúnra rẹ̀ yàn. Òfin sì ní kó fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n ni, kò ní kí wọ́n fọwọ́ sí i. Èkejì, ọjọ́ tí ìjà bẹ̀rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ka 7 láti orí rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ọkọ̀ ológun kúrò ní bárékè. Bí ọmọ ogun bá dó sẹ́nu ibodè fún oṣù kan láì yìnbọn, ọjọ́ kìíní kò tíì pé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, bàálù ogun Nàìjíríà àti ọmọ ogun òfuurufú bíi 200 lọ sí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà láti lé Yahya Jammeh kúrò lórí àga ní Gáḿbíà. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà ni Jammeh lọ láìsí pé ogun ṣẹlẹ̀. Bóyá “ìjà” ni èyí tàbí ìhàlẹ̀, ìwé òfin kò sọ. Ẹ̀kẹta ló burú jù: bí ilé bá kọ̀, ọjọ́ mélòó ni ọmọ ogun fi gbọ́dọ̀ padà sílé? Kò sí nínú ìwé.

Amẹ́ríkà kọ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1973, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ààrẹ Nixon kọ̀ ọ́: Ààrẹ á ròyìn láàárín wákàtí 48, bí ilé aṣòfin kò bá fọwọ́ sí i á dáwọ́ ìjà dúró ní ọjọ́ 60, pẹ̀lú 30 mìíràn láti kó ọmọ ogun jáde. Síbẹ̀, ní ọdún 2011, ìjọba Obama ń ju bọ́ǹbù ní Líbíyà kọjá ọjọ́ 60, wọ́n ní ohun táwọn ń ṣe níbẹ̀ kò tó ohun tí òfin yẹn ń pè ní ìjà. Ti Bìrìtìkó tún tú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára ọba ni olórí ìjọba ń lò, àṣà lásán ló ń mú un lọ síwájú ilé aṣòfin. Cameron tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà lọ síbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Síríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, wọ́n fi 285 sí 272 lù ú bolẹ̀, ó sì gbà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, Theresa May tó wà nípò náà kò bi ilé aṣòfin kó tó ju bọ́ǹbù sí Síríà.

Bí ogun bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ sọ́wọ́ Ààrẹ pátápátá. Abala 218 ló fún un ní agbára láti pinnu bí wọ́n ṣe máa lo ọmọ ogun, ó sì lè kọ ọ́ sínú ìwé kó gbé agbára náà fún ọ̀gágun kan. Sẹ́nétọ̀ kì í yan ibi tí bọ́ǹbù máa bọ́ sí. Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ ni pé láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ti dájọ́ ní ọdún 2013, àwọn náà ń fọwọ́ sí àwọn ọ̀gá ológun tí Ààrẹ bá yàn. Gómìnà kò ní ọmọ ogun rárá. Ètò ààbò àti ọmọ ogun wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí, ìdí nìyẹn tí Àmọ̀tẹ́kùn fi jẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá sílẹ̀. Tí Ààrẹ bá sì rán ṣọ́jà sí abúlé nínú Nàìjíríà fúnra rẹ̀, abala 5 kò ní kó béèrè lọ́wọ́ sẹ́nétọ̀ kankan. Ilé ẹjọ́ ló kù, ó sì máa ń pẹ́: ọdún 1999 ni àwọn ológun run Odi ní Bayelsa, ọdún 2013 ni wọ́n dájọ́ pé kí ìjọba san bílíọ̀nù 37.6 náírà.

Owó ló wá kù. Abala 80 ní wọn kò gbọ́dọ̀ fa kọ́bọ̀ yọ nínú àpò ìjọba àpapọ̀ láìjẹ́ pé àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, Buhari kọ̀wé sí wọn pé òun ti san mílíọ̀nù 496 dọ́là fún Amẹ́ríkà láti fi ra bàálù ogun Super Tucano 12, pé ó dá òun lójú pé wọ́n á fọwọ́ sí i. Àwọn sẹ́nétọ̀ pariwo, àwọn kan ní kí wọ́n yọ ọ́ nípò, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà fún ìgbìmọ̀ ilé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfin. Mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú àwọn bàálù náà balẹ̀ sí Kano ní oṣù Keje ọdún 2021.