Gíláàsì tẹ́ńpàdì tó ń fọ́ fúnra rẹ̀

Gíláàsì tẹ́ńpàdì ni gíláàsì tí wọ́n fi iná àti atẹ́gùn mú le nílé iṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ a bú gbàù, a sì rún wómúwómú níbi tó wà, láìsí òkúta, láìsí ìjì, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó lè jẹ́ lóru nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Ó lè jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n gbé e sójú fírémù, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yàrá onígíláàsì tí àwọn ará ibẹ̀ ń kọ́ mọ́ ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti sábà ń kojú rẹ̀. Ní Àbújá, a lè rí gíláàsì yìí lára bákónì tí wọ́n dí pa nítorí eruku ọyẹ́, lórí àgbàlá inú ilé tí wọ́n fi gíláàsì bò, lára àtẹ̀gùn àti ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Tẹ́ńpàdì náà ni àwọn oníṣẹ́ alùmíníọ̀mù ń pè é.

Bí agbára ṣe wọ inú rẹ̀

Wọ́n á kọ́kọ́ gé gíláàsì lásán sí ìwọ̀n tí oníbàárà fẹ́, wọ́n á lu ihò tó bá yẹ, wọ́n á sì dán etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ ààrò tí ooru rẹ̀ ju 600°C lọ, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀. Bó ṣe ń jáde, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn tútù lù ú lójú méjèèjì. Ẹni tó bá ti bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú abọ́ rí yóò mọ ohun tó tẹ̀ lé e: ojú á dì nígbà tí inú ṣì gbóná. Nígbà tí inú bá wá ń tutù, ó fẹ́ súnkì, ṣùgbọ́n ojú tó ti dì kò gbà fún un. Báyìí ni wọ́n á ṣe wà títí ayé gíláàsì náà: ojú méjèèjì fún pọ̀, àárín sì le dandan bí awọ ìlù tí wọ́n fa ọṣán rẹ̀.

Ìfúnpọ̀ ojú yìí ló sọ ọ́ di alágbára ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ju gíláàsì lásán lọ. Òun náà ló fà á tí kò fi ṣeé gé mọ́ lẹ́yìn tó ti wọ ààrò. Ohunkóhun tó bá dé àárín tó ń fà yẹn, gbogbo gíláàsì náà ló máa tú ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Agbára rẹ̀ àti ewu rẹ̀, orísun kan náà ni wọ́n ti wá.

Ní àwọn ọdún 1660, àwọn onímọ̀ ní London ti ń wo irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí lára gíláàsì yíyọ́ tí wọ́n kán sínú omi tútù: òòlù kì í fọ́ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣẹ́ ìrù rẹ̀, á di lẹ́búlẹ́bú. Ní 1874, Alfred de la Bastie, ará Faransé, gba ìwé àṣẹ lórí gíláàsì tí wọ́n ń rì bọ inú òróró gbígbóná láti mú un le.

Hóró inú gíláàsì

Ìdí tó ṣòroó rí jù lọ ni hóró nickel sulphide. Nickel, irú irin kan, lè bọ́ sínú gíláàsì yíyọ́ láti ara irin ẹ̀rọ tàbí láti inú ìdọ̀tí. Sulphur sì wà lára èròjà tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì. Méjèèjì á so pọ̀ di hóró tí kì í sábà tó ìdajì mìlímítà. Bí ooru bá ju 379°C lọ, hóró náà á kó ara jọ. Bó bá tutù, á yí padà sí irú mìíràn tó fi nǹkan bí ìdá 2 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti tẹ́lẹ̀.

Nínú gíláàsì lásán tí wọ́n ń jẹ́ kó tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, hóró ń ráyè yí padà nílé iṣẹ́, kò sì sí àárín tó ń fà tí hóró náà lè mú fọ́. Atẹ́gùn tútù tí wọ́n fẹ́ lu tẹ́ńpàdì kì í fún un láyè yẹn. Nílé onílé ni yóò ti máa wú, díẹ̀díẹ̀, fún oṣù tàbí ọdún. Bó bá wà nítòsí ojú gíláàsì, ó lè má ṣe nǹkan kan. Bó bá wà ní àárín, ó lè la gíláàsì náà lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ní 1961, E. R. Ballantyne, onímọ̀ ará Australia, kọ ìròyìn tó so irú fífọ́ yìí mọ́ nickel sulphide, lẹ́yìn tí gíláàsì ara ilé gogoro kan ní Melbourne ń fọ́.

Oòrùn àti ọyẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Àbújá ló ń di ẹ̀bi ru oòrùn oṣù kẹta. Oòrùn nìkan kọ́. Tẹ́ńpàdì lè gba ìyàtọ̀ ooru tó tó nǹkan bíi 200°C láàárín apá kan àti èkejì, nígbà tí gíláàsì lásán lè fọ́ bí ìyàtọ̀ náà bá kọjá nǹkan bíi 40°C.

Fírémù ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Alùmíníọ̀mù ń gbòòrò, ó sì ń súnkì, ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ti gíláàsì. Fírémù mítà 3 tó gbóná lọ́sàn-án, tó wá fi 40°C tutù lóru ọyẹ́, yóò súnkì tó mìlímítà 2.8, gíláàsì inú rẹ̀ kò ní ju mìlímítà 1.1 lọ. Bí oníṣẹ́ bá há gíláàsì náà mọ́ra láìfi àyè àti rọ́bà sí etí rẹ̀, irin á máa bù ú jẹ lálaalẹ́. Etí tó ti ṣán díẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù láti Èkó gba Lọ́kọ́jà, tàbí tí ìdè irin kàn ní ọjọ́ tí wọ́n ń gbé e, lè dúró pẹ́ kó tó ya. Etí gíláàsì ló gbẹgẹ́ jù lára rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí olùkọ́lé wò kí ó tó sanwó iṣẹ́.

Kí wọ́n tó gbá a

Nígbà tí gíláàsì bá fọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ilé ni pé ta ló ju òkúta. Ọmọdé tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ ló sábà ń jẹ ẹ̀bi rẹ̀, àwọn mìíràn á sì ní iṣẹ́ ayé ni. Ó dùn mí pé wọ́n ń na ọmọ nítorí hóró tí ojú kò rí, nígbà tí ẹ̀rí lè ṣì wà nínú fírémù. Bí àwọn èérún náà bá ṣì so mọ́ra, kí wọ́n yà á ní fọ́tò kí wọ́n tó gbá a. Àwọn ìlà fífọ́ máa ń tàn ká láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ nickel sulphide, èérún méjì tó tóbi ju ìyókù lọ sábà máa ń kọjú síra bí ìyẹ́ labalábá, hóró dúdú kékeré a sì wà lórí ìlà tó là wọ́n láàárín. Bó bá jẹ́ òkúta, ojú gíláàsì á rún níbi tó ti bà á. Bó bá ti dà sílẹ̀ tán, ó ṣòro láti mọ̀.

Ohun tó ń dín ewu kù

Ilé iṣẹ́ lè fi tẹ́ńpàdì sínú ààrò lẹ́ẹ̀kejì, ní nǹkan bí 260 sí 290°C fún wákàtí méjì, kí èyí tó ní hóró búburú fọ́ síbẹ̀. Àdánwò yìí ń dín fífọ́ kù púpọ̀, kò mú un kúrò pátápátá.

Fún gíláàsì tó wà lókè orí ènìyàn, kò yẹ kí wọ́n fi tẹ́ńpàdì kan ṣoṣo sí i. Lóòótọ́, èérún rẹ̀ kò mú bíi ti gíláàsì lásán, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń já bọ́ ní ìṣù. Gíláàsì tó nípọn mìlímítà 10, tó gùn ní mítà 2, tó sì fẹ̀ ní mítà 1, wúwo tó kílò 50, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì kan. Gíláàsì méjì tí wọ́n fi awẹ́ ike lẹ̀ pọ̀, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní laminated, ni ó tọ́ níbẹ̀: bó bá fọ́, ike yẹn á di àwọn èérún náà mú kí wọ́n má bàa dà sílẹ̀.

Gíláàsì tó tẹ̀ lé ìlànà Yúróòpù máa ń ní òǹtẹ̀ tí kì í parẹ́. EN 12150 ń tọ́ka sí tẹ́ńpàdì, EN 14179 sì ń tọ́ka sí èyí tó ti la ààrò kejì kọjá.